Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Calibration: Ìrírí Mi Nídìí Load Cell àti Kọ́ńfátà Rẹ̀

Bí oúnjẹ adìẹ bá jáde láìpé ìwọ̀n, ilé iṣẹ́ tó pò ó kọ́ ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Adìẹ ló ń kọ́kọ́ mọ̀, ẹni tó ń sìn ín ló tẹ̀ lé e. Oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin máa ń gba nǹkan bí 80 sí 90 kg òkúta ẹfun lílọ̀ nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ̀rọ bá jí 30 kg nínú rẹ̀, èèpo ẹyin á fẹ́lẹ́, ẹyin á máa fọ́ nínú kéréètì, fóònù ò sì ní sinmi. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ló ń wọlé sọ́dọ̀ ìyá tó ni ilé iṣẹ́ tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní apá Ìbàdàn. Ìyá pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, àwọn oníbàárà mi ti ń rò pé mò ń rẹ́ wọn jẹ o." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo mọ̀ pé ìyá kì í rẹ́ni jẹ, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń sin adìẹ 500 kò lówó tí yóò fi ṣòfò.

Họ́pà ìwọ̀n wa, ìyẹn agbada ńlá tí a ń da èròjà sí kí a lè wọ̀n ọ́n, dúró lórí load cell mẹ́rin, irin tó ń sọ ìwọ̀n ẹrù di àmì iná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 1000 kg. Àwọn wáyà wọn pàdé nínú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́pà, kébù kan ṣoṣo ló ti ibẹ̀ lọ sí pánẹ́ẹ̀lì. Inú pánẹ́ẹ̀lì ni kọ́ńfátà wà. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba àmì kékeré tó ń bọ̀ láti ara load cell, kó sọ ọ́ di 4 sí 20 mílíáńpù tí PLC lè kà. PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ló ń ṣí ilẹ̀kùn àgbàdo, ti sóyà, ti òkúta ẹfun, tó sì ń tì wọ́n bí ìwọ̀n bá pé.

Kí wọ́n tó fa ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ti ra kọ́ńfátà tuntun. Tuntun náà ṣe bí èyí tí wọ́n yọ ti ń ṣe. Láàárọ̀, họ́pà òfìfo á kà 0. Lọ́sàn-án, á kà 17 kg láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ó lè lọ sí 40 nísàlẹ̀ òdo. Ohun tí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ wá ń ṣe ni pé bí nọ́ńbà bá ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á tẹ calibration (ètò tí a fi ń kọ́ ẹ̀rọ ní ìwọ̀n tó péye), wọ́n á gbé àpò àgbàdo díẹ̀ lé e, wọ́n á sì kọ ìwọ̀n tí wọ́n rò pé àpò náà jẹ́ sí i. Tọkàntọkàn ni wọ́n ń ṣe é, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀ ṣe kọ́ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ máa bá irú iṣẹ́ yìí pàdé gbọ́ nìyí: kọ́ńfátà kì í sábà jẹ̀bi. Calibration tí ẹ bá ṣe lórí àìsàn tí ẹ kò tíì rí, ńṣe ló ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi tún yọjú. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àmì yìí ti kéré tó, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń wá. Irin ni load cell. Wọ́n lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára. Bí ẹrù bá tẹ irin náà, yóò tẹ̀ díẹ̀ tí ojú ò lè rí, wáyà ara rẹ̀ á nà tàbí kó sún kì. Èyí tó nà á túbọ̀ máa dènà iná, ìdènà èyí tó sún kì á dín kù. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni wọ́n so ní igun mẹ́rin, lọ́nà tí Samuel Hunter Christie ti kọ nípa rẹ̀ láti 1833, tí Charles Wheatstone sì jẹ́ kí ayé mọ̀ ní 1843. Kọ́ńfátà á fi iná ránṣẹ́ sí igun méjì, á máa gbọ́ èsì ní igun méjì yòókù.

Wọ́n kọ 2 mV/V sára load cell wa. Bí ẹ bá fún un ní iná 10 fóòtì, tí ẹ sì gbé gbogbo ẹrù tó lè gbé lé e, 20 mílífóòtì péré ló máa dá padà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa lápapọ̀ jẹ́ 4000 kg. Ẹ bá mi pín in: 1 kg kò ju márùn-ún lọ nínú ìdá mílíọ̀nù fóòtì kan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, tó jẹ́ 1.5 fóòtì, jẹ́ ìlọ́po 300,000 rẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀rínrín díẹ̀ nínú àpótí, tàbí wáyà iná ńlá tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ṣe lè sọ ara rẹ̀ di àgbàdo lójú ẹ̀rọ.

Mi ò fọwọ́ kan kọ́ńfátà rárá níbẹ̀rẹ̀. Mo gbé mítà sí ibi tí àmì ti ń wọ inú rẹ̀, mo yí i sí mílífóòtì, mo sì dúró tì í. Họ́pà òfìfo wa wúwo tó 600 kg, nítorí náà ó yẹ kí mítà ka nǹkan bí 3 mílífóòtì, kó sì dúró síbẹ̀. Ó ń kà 3.4, á lọ sí 3.5, á tún padà. Mítà fúnra rẹ̀ ń rí i pé àmì ń rìn! Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n sọ fún kọ́ńfátà náà ló ń sọ fún wa. Kó lè dá mi lójú, mo tú load cell kúrò, mo mú resistor mẹ́rin, ègé kékeré tó ń dènà iná, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 330 ohm (ohm ni a fi ń wọn ìdènà iná), tí wọ́n jọ wá nínú páálí kan náà, mo so wọ́n ní igun mẹ́rin bíi ti inú load cell, mo sì fi wọ́n sí ẹnu kọ́ńfátà. Nọ́ńbà dúró gbọn-in, kò mira. Owó resistor mẹ́rin kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Kọ́ńfátà tí wọ́n ti yọ ni mo dán wò lẹ́yìn náà, òun náà dúró gbọn-in. Owó tuntun ti lọ ná.

Mo wá gun òkè họ́pà. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀pọ̀ àìsàn tí wọ́n ń gbé wá bá oníná, ara irin ló wà. Rọ́bà tó yẹ kó rọ̀ láàárín páìpù tó ń da àgbàdo sílẹ̀ àti ẹnu họ́pà ti gan, òróró sóyà àti ìyẹ̀fun ti dì mọ́ ọn. Họ́pà ò lè lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, torí páìpù ń gbé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun ti kó jọ sáàárín ẹsẹ̀ họ́pà kan àti irin tó gbé e, ó ti le, òun náà ń gbé ẹrù. Ìwọ̀n tó bá gba ibòmíràn bọ́ sílẹ̀, load cell ò ní mọ̀ nípa rẹ̀ láéláé, kò sì sí bọ́tìnnì tí ẹ lè tẹ̀ tó máa sọ fún un.

Ẹ̀yin náà lè dán èyí wò láìsí mítà. Ẹ fi ọwọ́ ti họ́pà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà. Ó gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ tì í láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Tiwa ń padà sí nọ́ńbà kan bí a bá tì í láti ọ̀tún, sí òmíràn bí a bá tì í láti òsì. A gé rọ́bà náà dànù, a fi aṣọ tó nípọn tó sì rọ̀ rọ́pò rẹ̀, a há ìyẹ̀fun kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé rẹ̀.

Nígbà náà ni mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé mi gun igun kọ̀ọ̀kan họ́pà, kó dúró jẹ́ẹ́. Igun mẹ́ta sọ ìwọ̀n rẹ̀ bára mu. Igun kẹrin sọ ọ́ dín kù gan-an. Àpótí ìpàdé wáyà ni mo wá tú.

Mi ò lè gbàgbé inú àpótí yẹn. Ihò mẹ́rin ló yẹ kí wáyà gbà wọlé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gíláǹdì tirẹ̀ tó fún un pinpin. Wọ́n ti kó wáyà mẹ́ta gba ihò kan, wọ́n sì fi náílọ́ọ̀nù dí àyè tó ṣẹ́ kù. Omi ń tẹ̀ lé ara wáyà wọlé láti òkè. Síkúrù tó di wáyà mú ti hu ìpẹtà àwọ̀ ewé, ohun funfun kan ti gbẹ mọ́ ara bọ́ọ̀dù láti orí ìdè kan dé òmíràn, àwọn èèrà sì ti tẹ̀dó sí igun rẹ̀. Gbogbo òjò tó ń rọ̀, ibẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ òjò fi ń gbé nọ́ńbà lọ sísàlẹ̀ òdo, tí oòrùn ọ̀sán sì ń gbé e padà sókè. Wáyà load cell kan tún wà tí eku ti jẹ èèpo rẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Ilé oúnjẹ adìẹ kì í ṣàìní eku; páìpù irin tó ṣeé tẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi wọ wáyà náà láti ọjọ́ kìíní.

Mo fi spirit fọ bọ́ọ̀dù, mo sá a títí ó fi gbẹ pátápátá, mo ra gíláǹdì tó bá wáyà mu, mo sì yí àpótí náà padà kí gbogbo wáyà máa wọlé láti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ ju ihò lọ kó tó padà gòkè wọlé, kí omi lè máa kán dànù níbi tó tẹ̀ sí. Mo sọ àpò silica gel kékeré méjì, tó ń fa ọ̀rínrín, sínú rẹ̀ kí n tó dé e.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá load cell kan ṣì yè, ẹ tú wáyà rẹ̀ kúrò pátápátá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Láàárín wáyà méjì tí iná ń gbà wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ka nǹkan bí 400 ohm. Láàárín méjì tí àmì ń gbà jáde, ẹ óò rí nǹkan bí 350. Láàárín èyíkéyìí nínú wọn àti ara irin, ìdènà gbọ́dọ̀ ga gan-an. Èyí tó dára máa ń ju 5000 mẹ́gà-ohm lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹ̀rọ ìdánwò 500 fóòtì tí rewáyà fi ń dán mọ́tọ̀ wò sún mọ́ load cell tàbí kọ́ńfátà, 50 fóòtì ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé load cell sórí tábìlì láìsí ẹrù lórí rẹ̀, ẹ fún un ní 10 fóòtì. Kò yẹ kí àmì rẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún 20 mílífóòtì náà lọ, ìyẹn 0.2. Ti igun kẹrin wa ju 2 lọ. Ó ti bàjẹ́, kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́.

Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn ajórin wá lẹ irin kan mọ́ ara họ́pà ní ọdún tó kọjá, wọ́n sì so ìdè ilẹ̀ wọn mọ́ ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Iná ajórin yóò gba ojú ọ̀nà tó bá rí láti ibi tó ń jó dé ibi ìdè náà, inú load cell ló sì gbà kọjá. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn, èmi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Láti ìgbà náà, bí ajórin bá máa ṣiṣẹ́ lára họ́pà, a máa ń yọ load cell, a ó fi ègé irin lásán sí ipò rẹ̀. Bí kò bá ṣeé yọ, ìdè ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń jó gan-an, a ó tú wáyà kúrò lára kọ́ńfátà, a ó sì fi wáyà bàbà tó nípọn ṣe afárá láti òkè load cell sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wáyà bàbà yẹn yẹ kó wà níbẹ̀ títí láé pàápàá, nítorí mànàmáná.

Load cell tuntun tí wọ́n bá wa rà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ti àtijọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò pé 1000 kg ni, pé 2 mV/V ni, pé ohm rẹ̀ bá tàwọn yòókù mu, torí àwọn tó bá jọ ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí kan gbọ́dọ̀ jọra. Àmọ́ àwọ̀ wáyà rẹ̀ yàtọ̀. Lára àwọn mẹ́ta tó wà nílẹ̀, pupa àti dúdú ni iná ń gbà, àwọ̀ ewé àti funfun ni àmì ń gbà. Lára tuntun, búlúù àti dúdú ni iná, funfun àti pupa ni àmì. Ẹni tó bá so pupa mọ́ pupa, ó ti gbé iná sórí ọ̀nà àmì nìyẹn. Ìwé tó bá load cell wá ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ìwé bá sọnù, ohm tí mo kọ sókè yìí á sọ fún yín. Bí ẹ bá so ó tán tí nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé ẹrù lé e, ẹ kàn yí wáyà àmì méjèèjì padà. Ẹ má sì gé wáyà load cell kúrú nítorí pé ó gùn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Gígùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò tí wọ́n fi ṣe é níbi tó ti wá. Ẹ ká a jọ, kí ẹ so ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kébù tó ti àpótí lọ sí pánẹ́ẹ̀lì gba àlàyé, torí ohun tó jẹ mí lógún jù nìyẹn. Oníwáyà mẹ́rin ni wọ́n fà, nǹkan bí 40 mítà, tẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín wáyà iná, load cell 400 ohm mẹ́rin tí wọ́n so pa pọ̀ di 100 ohm lójú kọ́ńfátà, nítorí náà iná tó ń mu tó nǹkan bí 100 mílíáńpù ní 10 fóòtì. (Ẹ kọ́kọ́ wo inú ìwé kọ́ńfátà kí ẹ tó rà á. Òmíràn wà tí kò lè bọ́ ju load cell kan tàbí méjì lọ.) Wáyà bàbà oní-0.5 mm² ní gígùn yẹn ń jẹ nǹkan bí 3 ohm lálọ-lábọ̀, ohun tó wá dé ọ̀dọ̀ load cell jẹ́ 9.7 fóòtì dípò 10. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀, calibration á gbà á mọ́ra. Kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Kébù náà gba abẹ́ páànù kọjá. Ìdènà bàbà ń fi nǹkan bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ìwọ̀n ooru 1°C kọ̀ọ̀kan. Bí páànù bá fi 20°C gbóná ju ti àárọ̀ lọ, nǹkan bí kg mẹ́rin ti lọ nínú họ́pà tó kún, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Kébù oníwáyà mẹ́fà ni ìwòsàn rẹ̀. Wáyà méjì tó lé, èyí tí wọ́n ń pè ní sense, á máa lọ wo iye fóòtì tó dé inú àpótí ní tòótọ́, kọ́ńfátà á sì fi ìyẹn ṣe ìṣirò rẹ̀. Mo bẹ ìyá pé kí wọ́n jẹ́ kí a fa tuntun, wọ́n gbà. Bí ó bá jẹ́ oníwáyà mẹ́rin lẹ ní, tí kò sì jìnnà, ẹ gbọ́dọ̀ fi wáyà kúkúrú so sense mọ́ iná níbi ẹnu kọ́ńfátà. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìso, nọ́ńbà á máa ṣe wérewère.

Bí a ṣe ń fa kébù tuntun náà la rí ohun tó ń mú nọ́ńbà fò sókè nígbàkigbà tí ẹ̀rọ ìlọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Kébù àtijọ́ àti kébù inverter, ẹ̀rọ tó ń darí bí mọ́tọ̀ ńlá ṣe ń yára tó, jọ ń sùn nínú páìpù kan náà. Tuntun gba ọ̀nà tirẹ̀. Níbi tí kò ti sí ọgbọ́n tí a lè dá tí kò fi ní pàdé kébù iná ńlá, a jẹ́ kó dábùú rẹ̀ kọjá, wọn ò rìn pọ̀. Aṣọ wáyà tó yí kébù náà ká ńkọ́? Wọ́n ti so ti àtijọ́ mọ́ irin ní àpótí, wọ́n tún so ó mọ́ irin ní pánẹ́ẹ̀lì. Ilẹ̀ ibi méjì kì í dọ́gba, nítorí náà iná ń rìn lára aṣọ náà. Mo so ó ní pánẹ́ẹ̀lì nìkan, mo gé e kúrò ní ìkejì, mo sì fi téèpù dì í. Ẹ̀rọ ìlọ̀ bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà ò mira.

Ní ti 4 sí 20 mílíáńpù, ohun tí mo rí kò pọ̀. A ṣètò kọ́ńfátà kí 4 jẹ́ 0 kg, kí 20 jẹ́ 1600 kg, kí mílíáńpù kan lè jẹ́ 100 kg gééré. Ìṣirò á rọrùn fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé mítà wọ ibẹ̀: 12 mílíáńpù, 800 kg. Ẹ mọ ẹni tó ń pèsè iná ọ̀nà náà, kọ́ńfátà ni tàbí káàdì PLC, torí kò gbọdọ̀ jẹ́ àwọn méjèèjì. Ẹ sì yẹ ètò káàdì wò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣètò káàdì sí 0 sí 20 dípò 4 sí 20. Irú họ́pà tiwa á máa ka 320 kg nígbà tó bá ṣófo. Ẹnì kan á wá yọ 320 kúrò nínú ètò kọ̀ǹpútà, òdo á jọ òdo, bẹ́ẹ̀ 800 kg á máa jáde bíi 640.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí ojú ìwé calibration. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ wà lórí iná fún bí ìṣẹ́jú 30 ná kí ó móoru. Ìyá bá wa wá òkúta ìwọ̀n 20 kg mẹ́wàá, ti kíláàsì M1, tí òfin ò gbà kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ju gíráàmù 1 ṣì. Àpò àgbàdo kì í ṣe òkúta ìwọ̀n. Àpò tí wọ́n kọ 100 kg sí lè jẹ́ 96, ó lè jẹ́ 103, ó sì ń gbẹ lójoojúmọ́.

Họ́pà òfìfo: òdo. 200 kg òkúta, tí a pín dọ́gba sórí igun mẹ́rin: mo kọ 200. Mo wo mítà, 6 mílíáńpù gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n 1000 kg la ń pò lẹ́ẹ̀kan, òkúta wa ò sì tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó wà ni pé ẹ ó gbé òkúta kúrò, ẹ ó da àgbàdo sínú họ́pà títí nọ́ńbà á fi padà dé ibi tí òkúta gbé e dé. Ẹ ti ní 200 kg àgbàdo tó dájú nìyẹn. Ẹ gbé òkúta padà lé e, ó di 400. Ẹ tún fi àgbàdo rọ́pò rẹ̀, ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 1000. Ó gba àkókò, ẹ̀yìn á ro yín, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ń sọ òótọ́ láàárín àti lókè. Ẹ sì wò ó bí ẹ ṣe ń gbé e kúrò pẹ̀lú. Bí nọ́ńbà tí ẹ rí ní gígòkè bá yàtọ̀ sí ti sísọ̀kalẹ̀, nǹkan kan ṣì ń há níbì kan lára irin. Ẹ padà sókè họ́pà.

Ohun kan ló kù tó fẹ́ ba ayọ̀ wa jẹ́. Nọ́ńbà ti dúró, calibration ti pé, síbẹ̀ òkúta ẹfun ń kọjá ìwọ̀n. Filter tó wà nínú kọ́ńfátà ni, ètò tó ń mú kí nọ́ńbà má fò. Ẹni tó ń bá nọ́ńbà tó ń fò jà tẹ́lẹ̀ ti gbé e ga pátápátá kí ó lè jọ pé ó dúró. Nítorí èyí, ohun tí PLC ń rí jẹ́ ti ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sẹ́yìn. Kó tó ti ilẹ̀kùn, èyí tó pọ̀ ti wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ń mú nọ́ńbà fò ti kúrò, mo gbé filter sílẹ̀. Mo wá wo iye tó ṣì máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti pa, mo ní kí PLC máa ti ilẹ̀kùn ṣáájú ní ìwọ̀n yẹn, ti ohun èlò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí sóyà kì í já bọ́ bí òkúta ẹfun ṣe ń já bọ́.

Iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ní tiwa lójoojúmọ́. Kọ́ńfátà wà lórí iná 24 fóòtì tirẹ̀ tí UPS gbé, kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀. A fi ohun tó ń dá mànàmáná dúró sí ojú kébù àmì kó tó wọ pánẹ́ẹ̀lì.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì, mo lẹ ìwé kan tí mo fi náílọ́ọ̀nù bò mọ́ ọn. Ó ní ohm load cell kọ̀ọ̀kan, mílífóòtì họ́pà òfìfo, mílífóòtì 200 kg, àwọ̀ wáyà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ipò filter, àti ọjọ́ tí a ṣe é. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn mi á ní ohun tó lè fi wéra.

Ìyá ní kí a ra méjì nínú àwọn òkúta ìwọ̀n náà sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á gbé méjèèjì lé họ́pà òfìfo, á sì kọ nọ́ńbà tó rí sínú ìwé. Bí ó bá fi ju 1 kg yàtọ̀ sí 40, kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì kankan. Yóò wo rọ́bà òkè, yóò wo abẹ́ ẹsẹ̀ họ́pà, lẹ́yìn náà yóò pè mí.